Corolla 2005 tó ń fà sí ọ̀tún: iṣẹ́ bíréèkì láti orí àyẹ̀wò dé orí ìdánwò

Ọkọ̀: Toyota Corolla 2005, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8, gíà ọtọmátíìkì, kò ní ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há pa nígbà tí a bá tẹ bíréèkì gan-an). Dísìkì ló wà níwájú, dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Ìbàdàn ló ń rìn, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì pọ̀ jù lójú ọ̀nà rẹ̀.

Ẹ̀sùn: ó ń ké híín-híín lápá iwájú. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á fà sí ọ̀tún. Iná pupa tó ní àmì ìyanu nínú máa ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n pààrọ̀ páàdì iwájú. Awakọ̀ ti fọwọ́ sọ̀yà pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọkọ̀, ìyẹn bíréèkì táyà ọ̀tún, ló ń dà á láàmú, torí pé apá ibẹ̀ ló ń fà sí. Ẹsẹ̀ òsì ni.

Kí a tó yọ táyà

Apá tí ọkọ̀ bá fà sí nígbà tí a tẹ bíréèkì ni apá tí bíréèkì ti ń mú dáadáa. Apá kejì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ pé ó ń fà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bíréèkì, ọ̀rọ̀ yí padà: apá tó ń fà sí ni ó ṣeé ṣe kí bíréèkì ti há, tí kò fi táyà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá bíréèkì lẹ́bi rárá, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà méjèèjì iwájú. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Táyà kan tó rọ̀ ju èkejì lọ lè mú kí ọkọ̀ fà bákan náà. Ti ọkọ̀ yìí dọ́gba, nítorí náà a bọ́ sórí bíréèkì.

Igbe tín-ín-rín yẹn ní orísun. Lára páàdì ni ahọ́n irin kékeré kan wà. Nígbà tí páàdì bá jẹ kù sí nǹkan bíi 2 mm, ahọ́n náà á kan dísìkì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Títì ni wọ́n ń tì í mọ́ páàdì kí ó lè ké ní àkókò yẹn gan-an. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, tó sì gbé rédíò sókè, á gbọ́ èkejì láìpẹ́: gàrà-gàrà, irin lórí irin, tí ẹsẹ̀ awakọ̀ á sì máa mọ̀ ọ́n lára. Nígbà yẹn páàdì ti tán, àwo irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń họ dísìkì. Igbe tó bá dún láàárọ̀ kùtù lẹ́yìn òjò, tó sì dákẹ́ lẹ́yìn títẹ̀ ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìpata fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú dísìkì ni. Ẹ má náwó sí i.

Iná pupa ní ìdí mẹ́ta tó wọ́pọ̀: háńbíréèkì tí wọn ò sọ̀ tán, ọ́ìlì bíréèkì tó dínkù, tàbí wáyà. Bó bá jẹ́ ibi kọ́nà nìkan ló ti ń ṣẹ́jú, ọ́ìlì ló wà ní bèbè MIN, àmì ìsàlẹ̀ tó wà lára ike ọ́ìlì bíréèkì. Bí ọkọ̀ bá ti fì, ọ́ìlì á sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohun tó léfòó nínú ike á sọ̀kalẹ̀, iná á tàn. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á ra ọ́ìlì, wọ́n á dà á kún un títí dé MAX, iná á kú, ọkàn á balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ́ìlì kì í dínkù lásán. Bí páàdì ṣe ń jẹ ni písítìnì kálípà (irin tó gun dísìkì, tó ń ti páàdì mọ́ ọn) ń jáde sí i, ọ́ìlì á tẹ̀lé e lọ dí àyè tó fi sílẹ̀, èyí tó wà nínú ike á wá lọ sílẹ̀. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, ọ́ìlì tó dínkù túmọ̀ sí páàdì tó ń tán lọ. Ẹni tó bu ọ́ìlì kún un ti pa ẹlẹ́rìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ tí wọ́n bá fi páàdì tuntun sí i tí wọ́n ti písítìnì padà, ọ́ìlì á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á dà sára ọ̀dà ọkọ̀. Ọ́ìlì bíréèkì sì máa ń bó ọ̀dà gan-an. Bó bá dà síbẹ̀, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi àkísà nù ún kiri.

Àyẹ̀wò orí ìjókòó, tí kò gba irinṣẹ́ kankan:

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ bíréèkì bíi ìgbà márùn-ún títí yóò fi le. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì láì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó yẹ kó lọ sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá lọ, tó ṣì le bí òkúta, búsítà (ohun tó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́) tàbí họ́ọ̀sì tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń jo afẹ́fẹ́. Ti ọkọ̀ yìí lọ sílẹ̀.

Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ gbọin-gbọin fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní títàn. Bí ẹsẹ̀ bá ń rì díẹ̀díẹ̀ lọ sí ilẹ̀, ọ́ìlì ń sá gba ibì kan. Ó lè jẹ́ rọ́bà inú másítà (ohun tó ń ti ọ́ìlì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) ló ti jẹ, tí a ò ní rí nǹkan kan níta, ó sì lè jẹ́ wíìlì sílíńdà ẹ̀yìn (èyí tó ń ti láínì mọ́ dúrọ́ọ̀mù) tàbí họ́ọ̀sì ló ń jò. Ti ọkọ̀ yìí dúró. Bó bá rọ̀ bíi fóòmù, tí ó ń le sí i bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ti wọnú ọ̀nà ọ́ìlì. Tiwa kò rọ̀. Nítorí náà másítà àti búsítà bọ́ nínú ẹ̀sùn, owó wọn sì wà lápò. Lọ́pọ̀ ìgbà másítà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ní kí olówó ọkọ̀ lọ rà.

Àyẹ̀wò ooru ló tẹ̀lé e. A wa ọkọ̀ náà bíi kìlómítà 5, a tẹ bíréèkì níwọ̀nba, a sì dúró. A fi ìka kán omi sí rọ́ọ̀mù táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀tún dúró síbẹ̀, ó rọra ń ṣàn. Ti òsì dún ṣíì, ó gbẹ. Kíkán ni o. Ẹ má da omi sí dísìkì tó gbóná, ó lè ká. Ẹ má sì fi ọwọ́ kàn án láti dán ooru wò. Dísìkì tó há lè bó àwọ̀ ọwọ́.

Ìyẹn fi ohun méjì hàn pa pọ̀ lórí ẹsẹ̀ òsì: kò mú tó bó ṣe yẹ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́, kò sì fi sílẹ̀ tó bó ṣe yẹ nígbà tí a jù ú sílẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n tako ara wọn. Wọn ò takò ara wọn.

Lórí sítáńdì

Nọ́ọ̀tì táyà jẹ́ 21 mm. A rọ̀ wọ́n díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, a fi búlọ́ọ̀kù dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, a gbé iwájú sókè, a fi sítáńdì méjì sí abẹ́ ibi tí Toyota yà sọ́tọ̀ fún un. Jáàkì nìkan kì í gbé ọkọ̀ tí ènìyàn wà nídìí rẹ̀.

Họ́ọ̀bù ọ̀tún ń yí pẹ̀lú ọwọ́ kan, páàdì kàn ń rá dísìkì lára. Ti òsì ń fẹ́ ọwọ́ méjì. Kí a tó tú nǹkan kan, a rọ nípù kálípà òsì (ẹnu kékeré tí a ń gbà yọ afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì) díẹ̀, ọ́ìlì kán bíi ẹ̀kán mẹ́ta, a dì í padà. Họ́ọ̀bù ṣì le bákan náà. Àyẹ̀wò kékeré yìí ṣe pàtàkì: bí họ́ọ̀bù bá rọ̀ lójú ẹsẹ̀ tí a ṣí nípù, ọ́ìlì ló há sínú kálípà, họ́ọ̀sì rọ́bà tí inú rẹ̀ ti wú ló sì máa ń fà á. Irú họ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kí ọ́ìlì lọ nígbà tí ẹsẹ̀ bá tì í, àmọ́ kò ní jẹ́ kó padà. Lóde kò ní ojú ọgbẹ́ kankan. Bí họ́ọ̀bù kò bá rọ̀, bíi tiwa, kálípà tàbí píìnì rẹ̀ ló há.

Bóòtì kálípà jẹ́ 14 mm. A tú méjèèjì, a fi wáyà so kálípà mọ́ sípíríǹgì, kó má fi ara rọ̀ mọ́ họ́ọ̀sì. Páàdì tí a bá níbẹ̀:

Òsì, ti inú: 1.5 mm, ahọ́n irin rẹ̀ ti fá ọ̀nà róbótó sára dísìkì.
Òsì, ti ìta: 8 mm.
Ọ̀tún, ti inú: 6 mm. Ti ìta: 6.5 mm.

Páàdì tuntun fún ọkọ̀ yìí nípọn 12 mm. Ibi tí Toyota ní kó má kọjá ni 1 mm, àmọ́ ní ojú ọ̀nà tiwa, 3 mm ni kó ti jáde.

Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Kálípà Corolla ní písítìnì kan ṣoṣo, lápá inú. Nígbà tí písítìnì bá ti páàdì inú mọ́ dísìkì, kálípà fúnra rẹ̀ ló máa ń rìn padà lórí píìnì méjì kí ó lè fa páàdì ìta mọ́ra. Bí píìnì bá há, kálípà ò ní rìn. Páàdì inú á dá ṣiṣẹ́, ti ìta á kàn dúró wòran. Ìdí nìyẹn tí òsì kò fi mú dáadáa, tí ọkọ̀ sì fi fà sí ọ̀tún. Nígbà tí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, kálípà ò tún lè yún padà sí àyè rẹ̀, páàdì inú á máa rá dísìkì lára ní gbogbo ìrìn. Ooru dé, páàdì inú tán.

Bí ti inú àti ti ìta bá jẹ dọ́gba, tí ẹsẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba, páàdì kàn tán ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ti inú bá jẹ ju ti ìta, píìnì tàbí písítìnì tí kò padà dáadáa. Bí ti ìta bá jẹ ju ti inú, kálípà rìn wá ni kò rìn padà, píìnì náà ni. Bí páàdì kan bá jẹ ní gẹ̀rẹ́, tí orí kan nípọn ju orí kejì, píìnì kan há, èkejì ń rìn, tàbí páàdì há sínú ojú bírákẹ́ẹ̀tì (irin tó gbé kálípà àti páàdì dúró) tí ìpata ti wú. Mẹ́káníìkì tó bá yọ páàdì àtijọ́, tó jù ú sínú garawa láì wò ó, ti ju èsì àyẹ̀wò nù. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ yìí nìyẹn nígbà tí wọ́n pààrọ̀ páàdì rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Píìnì

Ti òkè jáde pẹ̀lú ìka. Ti ìsàlẹ̀ gba sípánà, a ń yí i, a ń fà á, títí ó fi bọ́. Gíríìsì dúdú tó nípọn ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ìdí ọkọ̀ àti bẹ́árìn. Ní orí ọ̀kan nínú píìnì méjèèjì Toyota máa ń ní rọ́bà kékeré tí kì í jẹ́ kó máa dún. Rọ́bà yẹn ti wú ju ihò rẹ̀ lọ.

Gíríìsì tí wọ́n ṣe láti ara epo rọ̀bì máa ń wú rọ́bà bíréèkì. Ó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí bàtà rọ́bà tó bo ojú píìnì. Gíríìsì sílíkónì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì ni kí ẹ lò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá kún ihò píìnì dẹ́nu, afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ á máa ti píìnì jáde. Ìyọnu kan náà wà nínú ike ọ́ìlì bíréèkì: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà tàbí ti sítíárì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, bí ó ti wù kó kéré mọ. Bó bá wọlé, gbogbo rọ́bà láti másítà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa wú, pípààrọ̀ gbogbo wọn ni àbọ̀ rẹ̀.

Ihò píìnì: a fi àkísà tín-ín-rín àti ohun ìfọ bíréèkì fọ̀ ọ́ títí àkísà fi jáde ní funfun. A fi píìnì tuntun pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ sí òsì. Ní ọ̀tún, a fọ píìnì àtijọ́, wọ́n dán, kò sí ìpata, bàtà rọ́bà nìkan la pààrọ̀. Písítìnì òsì ń wọlé wẹ́rẹ́ pẹ̀lú kílám̀pù, rọ́bà ojú rẹ̀ kò ya. Ká ní ó ya ni, tàbí ká ní ìpata wà lára písítìnì, kálípà ni à bá tún tú palẹ̀.

Kí a tó ti písítìnì, a fi sírínjì fa ọ́ìlì jáde nínú ike dé ìsàlẹ̀ MIN.

Dísìkì

Dísìkì tuntun fún ọkọ̀ yìí nípọn 25 mm. Iye tó kéré jù ni 23 mm, a sì kọ ọ́ sára irin náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn MIN TH. Òsì wọn 22.4, ọ̀tún 23.3. Ẹ má fi fáníà lásán wọn ọ́n: etí dísìkì tí páàdì kì í dé máa ń yọ gọngọ, ẹnu fáníà á sì jókòó lórí etí yẹn, á wá fún yín ní nọ́ńbà tó ju òótọ́ lọ. Maikrómítà ni, ní nǹkan bíi 10 mm sí etí, kí ẹ wọn ọ́n ní ibi mẹ́jọ yí ká.

Òsì ti lọ. Ọ̀tún lè dúró lórí òfin, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ fá a kó lè tẹ́jú, yóò bọ́ sábẹ́ 23. A pààrọ̀ méjèèjì. Dísìkì kan tuntun, èkejì àtijọ́, bíréèkì méjèèjì kò ní gbóná bákan náà, ọkọ̀ á tún máa fà.

Ní tòótọ́ sítíárì ọkọ̀ yìí kò gbọ̀n. Bí ti yín bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì lórí eré, dísìkì tí ìnípọn rẹ̀ kò dọ́gba yí ká ló sábà máa ń fà á. Mélòó kan nínú irú èyí kì í ṣe ẹ̀bi dísìkì: ìpata tàbí iyanrìn tó wà láàárín dísìkì àti họ́ọ̀bù ló ń jẹ́ kí ó máa fì, páàdì á sì máa fá ibì kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀tì táyà tí fọ́kànáísà di pa bí ẹni ń bá a jà tún wà níbẹ̀. Fífì tí Toyota gbà fún dísìkì yìí kò ju 0.05 mm lọ.

Ọjà

Dísìkì méjì, páàdì mẹ́rin pẹ̀lú àwo fẹ́lẹ́ ẹ̀yìn wọn àti àwọn kílíìpù irin, píìnì òsì, bàtà rọ́bà mẹ́rin, gíríìsì sílíkónì ọ̀rá kan, ohun ìfọ bíréèkì agolo kan, ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 lítà kan tí a kò tíì já.

Yálà Ládípọ̀ ní Èkó ni o tàbí Gate ní Ìbàdàn, ohun tí ọwọ́ àti ojú lè yẹ̀ wò ju orúkọ ara páálí lọ. Ẹ tú páálí. Lára páàdì, ẹ fi èékánná wo ìlà tí ohun ìjẹ àti àwo irin ti pàdé: kò gbọdọ̀ sí àlàfo. Ẹ wo lẹ́tà méjì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, EE, FF tàbí GG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tó tutù, èkejì nígbà tó gbóná. Ní ìwọ̀n ìmú yẹn, E jẹ́ láti 0.25 sí 0.35, F láti 0.35 sí 0.45, G láti 0.45 sí 0.55. Fún Corolla tó ń sọ̀kalẹ̀ Mókọ́lá lójoojúmọ́, FF ti tó, ẹ má sì gba páàdì tí kò ní lẹ́tà rárá. Lára dísìkì, ẹ wá MIN TH. Páàdì tòkunbọ̀ kò yẹ ní rírà. Ẹ ò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ti mu ún tàbí ooru ti jó o.

Lórí ọ́ìlì: ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fa omi mu dé bíi 3.7%, 140°C ti tó láti mú un hó. DOT 4 jẹ́ 230°C àti 155°C. Ọ́ìlì tó bá hó di ìhó, ìhó ṣeé fún pọ̀, ẹsẹ̀ á sì lọ dé ilẹ̀ láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ìdí rèé tí a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì, tí a ò sì gbọdọ̀ ra ìgò tí wọ́n ti já sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. DOT 3 àti DOT 4 ṣeé pò. DOT 5 jẹ́ sílíkónì, kò ṣeé pò mọ́ ìkankan.

Dídì padà

Bóòtì bírákẹ́ẹ̀tì kálípà jẹ́ 17 mm. A yọ ọ́, a yọ dísìkì. Bí dísìkì bá lẹ̀, ihò méjì wà lára rẹ̀ fún bóòtì M8. Ẹ yí bóòtì méjì wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, á bọ́. Kò sí òòlù níbẹ̀. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fá ojú họ́ọ̀bù títí ó fi mọ́. A fi ohun ìfọ nu òróró ara dísìkì tuntun, torí wọ́n fi òróró pa á kó má baà dípata.

Erukutu bíréèkì: omi ni kí ẹ fi wẹ̀ ẹ́ nù, ẹ má fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Láínì (ohun ìjẹ tó ń mú dúrọ́ọ̀mù) àtijọ́ mìíràn ní asbestos nínú, kò yẹ kó wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni.

Ojú tí páàdì ń rìn nínú bírákẹ́ẹ̀tì, a fá ìpata rẹ̀ kí a tó fi kílíìpù tuntun síbẹ̀. Páàdì gbọdọ̀ yún wọlé pẹ̀lú ìka. Bó bá ń fẹ́ òòlù, ó há, ẹ̀yin náà á sì padà rí páàdì tó jẹ ní gẹ̀rẹ́.

Dídì: bírákẹ́ẹ̀tì 107 N·m, bóòtì kálípà 34 N·m, nọ́ọ̀tì táyà 103 N·m ní ìṣètò ìràwọ̀, lẹ́yìn tí táyà bá ti kan ilẹ̀. Sípánà tọ́ọ̀kì ni. Bóòtì kálípà kéré, ẹni tó bá fi gbogbo agbára dì í á já orí rẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì títí yóò fi le. Títẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a ti ti písítìnì máa ń lọ dé ilẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò ní gáréèjì, tó sì lọ kọlu ògiri.

Yíyọ afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì àtijọ́

Ọ́ìlì inú ọkọ̀ yìí ti pọ́n bíi tíì. A pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ènìyàn méjì ló ń ṣe é: ẹnì kan lórí ìjókòó, ẹnì kan nídìí táyà. Ọ̀nà rọ́bà tí a lè rí inú rẹ̀ láti nípù bọ inú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹni orí ìjókòó á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á pariwo, ẹni ìsàlẹ̀ á ṣí nípù, á dì í, kí ẹsẹ̀ tó gbé kúrò. Ibi tó jìnnà jù sí másítà la ti bẹ̀rẹ̀: ọ̀tún ẹ̀yìn, òsì ẹ̀yìn, ọ̀tún iwájú, òsì iwájú. A ń bu tuntun kún ike kó má baà gbẹ. Bó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọlé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ẹ fi igi kékeré sí abẹ́ ẹsẹ̀ bíréèkì kó má baà lọ dé ilẹ̀. Nínú másítà tó ti pẹ́, ibi tí rọ́bà kì í dé lójoojúmọ́ ti dípata, ó sì rí jákujàku. Bí a bá tì í dé ibẹ̀, rọ́bà á ya. Másítà tó bàjẹ́ lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ bíréèkì, ọ̀nà yìí ló sábà ń gbà bàjẹ́, tí wọ́n á sì ní ó bá àsìkò pàdé ni.

Ẹ̀yìn

Háńbíréèkì ń ké tó ìgbà mẹ́wàá bí a ṣe ń fà á sókè kó tó mú. Dúrọ́ọ̀mù jáde pẹ̀lú bóòtì M8 méjì. Láínì kù 3 mm, kò ní ọ́ìlì lára. A ká etí rọ́bà wíìlì sílíńdà kọ̀ọ̀kan sókè díẹ̀: gbígbẹ. Bí ọ́ìlì bá wà lábẹ́ rọ́bà yẹn, ó ti ń jò, a ó pààrọ̀ rẹ̀, láínì tí ọ́ìlì bá sì kàn á kò ṣeé fọ̀ mọ́.

Wọ́n ti fa okùn háńbíréèkì kó lè ga. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nìyẹn. Nínú dúrọ́ọ̀mù ni ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe wà, kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín kan. Bí okùn bá ti fún jù, apá rẹ̀ kì í padà sí ìsinmi, kẹ̀kẹ́ náà ò sì ní yí mọ́. A tú okùn, a yí kẹ̀kẹ́ eléyín títí dúrọ́ọ̀mù fi ń rá láínì díẹ̀, a dá a padà díẹ̀, a tẹ bíréèkì bíi ìgbà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà la wá fa okùn. Ó ń ké méje báyìí.

Ìdánwò

Eré kékeré ní àkọ́kọ́, ibi tí kò sí ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, láti 60 km/h sọ̀kalẹ̀ sí 20, bíi ìgbà mẹ́wàá, láì dúró pátápátá, pẹ̀lú àyè kó tutù láàárín. Bí ẹ bá dúró, tí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tó gbóná, páàdì á fi àpá ara rẹ̀ sójú dísìkì níbi tó ti dúró, ìwárìrì sítíárì á sì bẹ̀rẹ̀ lórí dísìkì tuntun. Òórùn díẹ̀ kò burú. Èéfín tó ń jáde láti ẹsẹ̀ kan ṣoṣo burú.

Ọkọ̀ lọ tààrà. Omi kán sí rọ́ọ̀mù méjèèjì, bákan náà ló ṣe gbẹ. Iná pupa kú láì bu ọ́ìlì kankan kún un kọjá ohun tí iṣẹ́ náà gbà. A sọ fún awakọ̀ pé kó lo gíà 2 tàbí L ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn kí ẹ́ńjìnnì lè bá bíréèkì gbé e, kó má kàn fi ẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀.

A tún nọ́ọ̀tì táyà dì ní 103 N·m lẹ́yìn nǹkan bíi 100 km. Ní 1,000 km a yọ táyà iwájú méjèèjì, a wọn páàdì: òsì inú 11.6 mm, òsì ìta 11.6, ọ̀tún inú 11.6, ọ̀tún ìta 11.7.